Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun wà lọ́wọ́ ẹ̀

Sí Olóòtú ìwé ìròyìn wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Èmi ò kì í sábà kọ lẹ́tà, kíkà ni mo máa ń kà, tí inú bá bí mi màá kùn sínú, ó tán. Àmọ́ èyí tí ẹnìkan nínú àwọn tó ń kọ̀wé fún yín kọ lórí bí Rọ́ṣíà àti Ukraine ṣe ń pààrọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun, ìyẹn ò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ó dùn ún kà, mi ò ní purọ́, ó sọ ti 1,000 sí 1,000 tí wọ́n pààrọ̀ nínú oṣù Karùn-ún 2025 lẹ́yìn ìpàdé Istanbul, ó dẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀ yékéyéké. Ibi tí mo ti gbójú sókè ni ibi tó ti sọ pé ohun tó ń da ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ogun rú láyé ni pé ọ́fíìsì tó ń dá sí i ti pọ̀ jù, mínísítà yìí á sọ tiẹ̀, ọ̀gá sójà yẹn á sọ tiẹ̀, pé tí ogun bá ti dé kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lé ẹnìkan ṣoṣo lọ́wọ́, kí ọ̀rọ̀ onítọ̀hún jẹ́ abẹ gé, kí gbogbo àwọn tó kù panu mọ́.

Mi ò gbà fún un o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ogun Hitler yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ń sọ yẹn, ibi tó dẹ̀ ti gbóná jù ò jìnnà sílé mi rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara dà á, ó máa gùn díẹ̀.

Agbègbè Durham ní Ontario, ní Kánádà níbí, ni mò ń gbé. Tí ẹ bá ń ti Toronto bọ̀ lórí títì 401, tí ẹ ti kọjá Ajax, Whitby àti Oshawa tí àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, ẹ máa kan ìlú kan tó ń jẹ́ Bowmanville. Iléèwé kan wà níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn tí wọ́n ti ń tún àwọn ọmọkùnrin tó ya pòókíì ṣe, ìgbà tí ogun dé ìjọba gbà á, wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí i ká, wọ́n sọ ọ́ di Camp 30, àwọn ọ́físà Jámánì tí wọ́n mú lójú ogun ni wọ́n kó síbẹ̀. Otto Kretschmer wà lára wọn, ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi tó ba ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn jẹ́ ju gbogbo àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀, ó ti gbó, àwọn ọmọ ìta ti fi ọ̀dà kọ ìkọkúkọ sára ògiri, àmọ́ ní 2013 ìjọba Kánádà kà á mọ́ àwọn ibi ìrántí tó jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́ ni ò mọ̀ pé ìjà ńlá kan wáyé níbẹ̀.

Kí ló gbé ọ́físà Jámánì dé Kánádà? Ọdún 1940 ni, Jámánì ti gba Faransé, ẹ̀rù dẹ̀ ń ba ìjọba Ìlú Ọba pé Hitler lè sọdá omi wá ká àwọn mọ́lé, wọn ò fẹ́ kó wá bá sójà tiẹ̀ nílẹ̀ tó jẹ́ pé ìbọn ló máa kàn fún wọn tí ìjà á bẹ̀rẹ̀. Ni wọ́n bá kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di Kánádà. Èyí tó ṣẹ́ kù ní Ìlú Ọba ò tó nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà: Ìlú Ọba ló mú wọn, àmọ́ Kánádà ló ń ṣọ́ wọn, òun ló ń bọ́ wọn, sójà Kánádà ló dẹ̀ máa forí gbá a tí wọ́n bá ya wèrè.

Ní 19 oṣù Kẹjọ 1942 wọ́n kó sójà bíi 6,000 lọ já sí Dieppe, ìlú etíkun kan ní Faransé, bíi 5,000 nínú wọn ló jẹ́ ọmọ Kánádà. Láàárín wákàtí díẹ̀ gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Ọmọ Kánádà 907 ló kú, Jámánì mú 1,946 láàyè. Ìyẹn nìkan ti tó ìbànújẹ́, àmọ́ ọ̀gá sójà kan tún gbé ìwé àṣẹ ogun náà dání dé etíkun, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ Jámánì, wọ́n kà á, wọ́n rí i níbẹ̀ pé níbi tó bá ti ṣeé ṣe kí wọ́n de ọwọ́ àwọn tí wọ́n bá mú, kí wọ́n má bàa ráyè ba àwọn ìwé tó wà lára wọn jẹ́.

Jámánì fariga. Ní 2 oṣù Kẹsàn-án wọ́n ní ó dáa, àwọn náà máa de àwọn tí àwọn mú ní Dieppe. War Office, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń rí sọ́rọ̀ àwọn sójà orí ilẹ̀ ní London, sáré dáhùn pé àwọn ò de ẹnikẹ́ni o, pé tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ bá tiẹ̀ wà àwọn máa fagi lé e. Ọ̀rọ̀ rọlẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀, lóru 3 mọ́jú 4 oṣù Kẹwàá, àwọn kọmándò Gẹ̀ẹ́sì kan yọ́ wọ erékùṣù Sark tó wà lọ́wọ́ Jámánì nígbà yẹn, wọ́n ká ọmọ Jámánì márùn-ún mọ́ ojú oorun, wọ́n dè wọ́n lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń kó wọn lọ sétí omi làwọn kan fẹ́ sá, wọ́n yìnbọn pa àwọn kan nínú wọn, ẹnìkan péré ni wọ́n gbé dé Ìlú Ọba. Ṣẹ́ ẹ rí i báyìí? War Office ń sọ fún ayé pé a ò de èèyàn, àwọn tó ń rán kọmándò jáde, ìyẹn Combined Operations tí Mountbatten ń darí, àwọn tiẹ̀ ń kó okùn dání lọ sójú ogun. Mo mọ̀ pé ẹni yín á ní ìyẹn gan-an lòun ń sọ, pé ọ́fíìsì méjì ò mọ ohun tí ara wọn ń ṣe. Kó ní sùúrù, mi ò tíì dé ibi tí mò ń lọ.

Ní 7 oṣù Kẹwàá Jámánì kéde pé láti ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìyẹn 8 oṣù Kẹwàá, àwọn máa de 1,376 nínú àwọn tí àwọn mú ní Dieppe. Nǹkan tí ẹni yín ń fẹ́ ló wá ṣẹlẹ̀ ní London wàyí, ọ̀rọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkan tí ẹnu ẹ̀ jẹ́ abẹ gé. Churchill, olórí ìjọba Ìlú Ọba, ni. Kò sí àròjinlẹ̀ kankan, kábínẹ́ẹ̀tì ẹ̀ jókòó, lọ́jọ́ 8 yẹn náà ni ìkéde jáde, pé tí Jámánì ò bá tú àwọn èèyàn náà, tó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ 10 àwọn náà máa de ọmọ Jámánì tí iye wọn bá ti Dieppe mu.

Ọmọ Jámánì tó wà níbo? Ìlú Ọba ò ní tó bẹ́ẹ̀ nílé, Kánádà ni wọ́n wà! Wọn ò dẹ̀ kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ ìjọba Kánádà ní Ottawa kí wọ́n tó kéde fáyé gbọ́. Ó dà bí ìgbà tí bàbá kan bá fi ewúrẹ́ àbúrò ẹ̀ ṣèlérí lójú agbo, tó wá ń ránṣẹ́ sílé lálẹ́ pé kí wọ́n mú un wá. Vincent Massey tó jẹ́ aṣojú ìjọba Kánádà wà nínú London níbẹ̀ nígbà yẹn, kò ju kí wọ́n ránṣẹ́ pè é kí wọ́n bi í pé kí lẹ rí sí i. Àwọn Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà náà ní ọmọ lọ́wọ́ Jámánì, tí ẹ̀san bá dé, àwọn ọmọ tiwọn náà ló máa kàn, wọn ò bi àwọn náà.

Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé Àdéhùn Geneva ti 1929 wà nílẹ̀, Ìlú Ọba, Kánádà àti Jámánì ló wà nínú ẹ̀, abala kejì ẹ̀ dẹ̀ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbẹ̀san lára ẹlẹ́wọ̀n ogun. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé Jámánì ló kọ́kọ́ ṣe é. Àdéhùn náà ò sọ pé tí ẹlòmíì bá kọ́kọ́ ṣe é kí ìwọ náà ṣe é.

Ẹ wá wo Mackenzie King, olórí ìjọba Kánádà. Tó bá kọ̀, Hitler á gbọ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ ti ń bá ara wọn jà, inú ẹ̀ á dùn. Tó bá gbà, á tẹ òfin Geneva lójú, bẹ́ẹ̀ ọmọ Kánádà tó lé ní 1,900 wà lọ́wọ́ Jámánì láti Dieppe, àwọn ló máa jẹ ìyà tó bá tìdí ẹ̀ yọ. Nínú Ottawa fúnra ẹ̀ External Affairs tó ń rí sọ́rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ń wo ọ̀dọ̀ tiẹ̀, National Defence tó ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ń wo tiẹ̀. Wọ́n gbà níkẹyìn, àmọ́ kò dùn mọ́ wọn nínú rárá, King kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ojoojúmọ́ ẹ̀ pé inú òun ò dùn sí bí wọ́n ṣe fi òun sípò yẹn.

Ló bá di Bowmanville. Ọ̀gá àgbà àwọn Jámánì tó wà ní Camp 30 sọ pé ẹnikẹ́ni ò ní na ọwọ́ sílẹ̀ kí wọ́n dè é, wọ́n kó ara wọn sínú gbọ̀ngàn, wọ́n fi tábìlì àti bẹ́ẹ̀dì dínà, wọ́n mú igi àti ohunkóhun tọ́wọ́ wọn bá bà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀, Veterans Guard ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn àgbààgbà tó ti jagun àkọ́kọ́ ló pọ̀ nínú wọn, wọn ò lè dá a ṣe, wọ́n ní kí wọ́n kó sójà tó ṣì lágbára wá láti Kingston. Wọ́n jà á láti ọjọ́ 10 di ọjọ́ 12, àwọn sójà Kánádà ń da omi ẹ̀rọ panápaná lé wọn lórí, àwọn èèyàn fara pa ní ìhà méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n bi yín, kí ni sójà àgbà tó wà ní Bowmanville yẹn mọ̀ nípa okùn tí wọ́n so ní Sark? Òun ni wọ́n fọ́ lórí nítorí ìkéde tí ọ̀gá ẹ̀ gan-an ò mọ̀ sí.

Ṣé Jámánì bẹ̀rù? Kàkà kí wọ́n tú àwọn èèyàn wa, wọ́n ní àwọn máa sọ iye tí àwọn dè di ìlọ́po mẹ́ta. Ní 18 oṣù Kẹwàá Hitler tún pàṣẹ ìkọ̀kọ̀ kan pé kọmándò tí wọ́n bá ti mú, kódà kó ti sọ ìbọn sílẹ̀, kí wọ́n pa á. Èèyàn ò lè sọ pé ìkéde London nìkan ló fa ìyẹn, ọ̀rọ̀ Sark àti Dieppe ti wà níkùn ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìkéde London yẹn ò pa iná kankan, ṣe ló ń da epo sí i.

Mo wá fẹ́ kí ẹni yín gbọ́ ibí yìí dáadáa. Kì í ṣe pé kò sí ibi tí wọ́n lè ti bi ara wọn léèrè o. Láti 1941 ni ìgbìmọ̀ kan ti wà ní London, Imperial Prisoners of War Committee ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún ni pé kí Ìlú Ọba àti Kánádà àtàwọn tó kù máa jókòó pọ̀ sórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Òótọ́ ni pé kì í ṣe ibi tó tutù. War Office gbà pé ọ̀rọ̀ sójà ni, tiwọn ni. Foreign Office tó ń rí sọ́rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní ọ̀tá lẹ ń bá sọ̀rọ̀, kò dẹ̀ sẹ́ni tó lè bá ọ̀tá sọ̀rọ̀ àfi kó gba ọ̀dọ̀ Switzerland tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, iṣẹ́ àwọn dẹ̀ nìyẹn. Dominions Office, tó ń rí sọ́rọ̀ Kánádà, Ọsirélíà àtàwọn ẹgbẹ́ wọn, tí Attlee wà nídìí ẹ̀ ní 1942, ló ń gbé wáyà lọ sí Ottawa àti Canberra. Admiralty ń béèrè àwọn atukọ̀ tiẹ̀, Air Ministry ń béèrè àwọn awakọ̀ òfuurufú tiẹ̀, Red Cross ń pariwo ọ̀rọ̀ páálí oúnjẹ. Ó ń sú èèyàn, mo gbà. Àmọ́ ẹ fi ìkéde ọjọ́ 8 yẹn síwájú gbogbo wọn kó tó jáde, ẹnìkan á bi wọ́n pé àwọn ọmọ Jámánì tí ẹ fẹ́ dè yìí, ibo ni wọ́n wà? Ẹlòmíì á ní abala kejì Geneva ńkọ́? Ìbéèrè méjì yẹn nìkan ti tó láti dá a dúró di ọjọ́ kejì.

Ta ló wá tú okùn náà? Àwọn tí ẹni yín ní kí wọ́n panu mọ́ yẹn náà ni. Red Cross ti ní àwọn ṣe tán láti bá wọn dá sí i ní kété tó ṣẹlẹ̀. Ottawa ò yé da London láàmú pé ẹ jẹ́ ká fòpin sí nǹkan yìí. Ní 13 oṣù Kẹwàá Churchill ṣì ń gbèjà ara ẹ̀ nílé ìgbìmọ̀, ó ní ọjọ́ tí Jámánì bá tú tiwọn làwọn máa tú tàwọn, àmọ́ ìjọba Switzerland ń bá iṣẹ́ wọn lọ láàárín ìhà méjèèjì, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ wọ́n ń gbé e bọ̀, nígbà tó dẹ̀ di 12 oṣù Kejìlá Ìlú Ọba àti Kánádà tú gbogbo àwọn tí wọ́n dè láìdúró de Jámánì mọ́. Ẹ má gbàgbé pé Switzerland yìí kan náà pẹ̀lú Red Cross ni wọ́n wà nídìí ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n gba 21 nínú àwọn ọmọbìnrin Chibok sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2016 àti 82 mìíràn ní oṣù Karùn-ún 2017. Iṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, kì í gbọ́ ìkánjú.

Jámánì ò tètè dáhùn o. Ìgbà tó di 22 oṣù Kọkànlá 1943 ni wọ́n tó jáwọ́ ńbẹ̀, ó lé ní ọdún kan gbáko tí àwọn ọmọ Dieppe fi wà nínú ẹ̀. Ní Lamsdorf, àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n tí Jámánì kó ọ̀pọ̀ wọn sí, okùn tí wọ́n fi di páálí Red Cross ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń dè wọ́n lọ́wọ́, láàárọ̀ títí di alẹ́, èèyàn ò lè dá ṣí ṣòkòtò ẹ̀, lẹ́yìn náà ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ oníṣéènì dé. Ọmọ èèyàn gbọ́n ṣá, kò pẹ́ tí wọ́n rí i pé kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣí agolo sadíìnì lè ṣí i, tí ẹ̀ṣọ́ bá ti kọjá wọ́n á ṣí i, tó bá ń padà bọ̀ wọ́n á tún kó ọwọ́ sí i. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, àmọ́ nígbà tí mo rántí pé òtútù ọdún 1942 mọ́jú 1943 wà nínú ẹ̀, ẹ̀rín náà ò gùn. Òtútù níbí ń pa mí pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ méjì.

Ẹni yín lè sọ pé Churchill yàtọ̀, pé tí wọ́n bá yan ẹni tó ní sùúrù kó dá a ṣe, ó máa dáa. Ẹ jẹ́ ká wo Faransé nígbà náà. Nígbà tí Jámánì borí wọn ní 1940, ó mú sójà Faransé bíi mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin. Amẹ́ríkà ló ń ṣojú fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà tẹ́lẹ̀, tó lè lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe sí wọn. Nínú oṣù Kọkànlá 1940 ìjọba Vichy, ìyẹn ìjọba Faransé tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí Jámánì borí wọn, bá Jámánì ṣàdéhùn pé kí àjèjì bọ́ síta, àwọn fúnra àwọn máa ṣojú fún àwọn ọmọ àwọn, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lé ẹnìkan lọ́wọ́, Georges Scapini, lọ́yà tí ojú ẹ̀ fọ́ lójú ogun àkọ́kọ́, èèyàn tó mọ ìyà sójà dáadáa. Ọ́fíìsì kan, ọ̀gá kan, bí ẹni yín ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Kí ló tìdí ẹ̀ jáde? Jámánì bá ẹni tí òun fúnra ẹ̀ ti borí tẹ́lẹ̀ dúnàádúrà, kò sí ẹlòmíì tó ń wò wọ́n, ohun tí Jámánì bá béèrè ló ń rí gbà.

Èyí tó kan àwa aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ ló dùn mí jù. Jámánì ò fẹ́ kí sójà aláwọ̀ dúdú dé ilẹ̀ ẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n tiẹ̀ ti yìnbọn pa lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ ìbọn sílẹ̀ ní 1940 yẹn, àwọn tó ṣẹ́ kù ni wọ́n há mọ́ àwọn àgọ́ tí wọ́n ń pè ní Frontstalag nínú Faransé. Ọmọ Senegal, ọmọ Sudan tó di Mali lónìí, ọmọ Dahomey tí Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà nínú ẹ̀, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kìíní 1943 Jámánì nílò àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ̀ níbòmíì, ó ní kí Faransé wá máa ṣọ́ wọn fún òun, ìjọba Vichy dẹ̀ gbà. Ẹ gbọ́ mi yé o, ọ́físà Faransé ló wá ń ṣọ́ àwọn tó bá Faransé jagun, nínú àgọ́, fún Jámánì. Tó bá ṣe pé ilẹ̀ àjèjì kan ṣì wà láàárín wọn tó ní ẹ̀tọ́ àtibi wọ́n pé kí lẹ ń ṣe yìí, bóyá wọ́n á rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Tiwa náà ò fi bẹ́ẹ̀ dáa jù. Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn bàbá wa lọ Bọ́mà láti 1943, nínú dìfíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Japan ni wọ́n lọ kojú, Japan tó fọwọ́ sí ìwé Geneva àmọ́ tí kò sọ ọ́ di òfin nílé ẹ̀. Tí wọ́n bá mú ọmọ Abẹ́òkúta tàbí ọmọ Òǹdó níbẹ̀, ta ló máa gbẹnu sọ fún un ní London? Kánádà ní àga nínú ìgbìmọ̀ yẹn, Ọsirélíà ní, Èkó ò ní. Colonial Office, ọ́fíìsì tó ń darí àwọn ilẹ̀ tí Ìlú Ọba gbà, ló ń sọ pé òun ń ṣojú fún wa. Tí Kánádà tó ní olórí ìjọba tiẹ̀ àti aṣojú tiẹ̀ nínú London bá gbọ́ ìkéde lẹ́yìn tó ti jáde, ẹ rò ó wò ná, ibo ni tiwa máa já sí.

Mi ò fẹ́ kí lẹ́tà yìí gùn ju bó ṣe yẹ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ti Ítálì kún un, torí òun ni àpẹẹrẹ ọ́fíìsì kan tó dá nǹkan ṣe láìjẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́. Ní 7 oṣù Kẹfà 1943, MI9, ọ́fíìsì ìkọ̀kọ̀ kan lábẹ́ War Office, fi àṣẹ ránṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ sáwọn ẹlẹ́wọ̀n wọn tó wà ní Ítálì pé tí àwọn ọmọ ogun àwọn bá dé kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà, kí wọ́n má sá. Lójú wọn, ọmọ ogun á dé kíákíá. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án tí Ítálì jáwọ́ nínú ogun, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá inú àgọ́ di àṣẹ yẹn mú, wọ́n ní kí àwọn èèyàn wọn jókòó, ẹ̀ṣọ́ Ítálì ti lọ, géètì ṣí sílẹ̀ níbòmíì, ẹni tó bá wọn níbẹ̀ ni Jámánì. Nínú ẹlẹ́wọ̀n bíi 80,000 tó wà ní Ítálì, bíi 50,000 ni Jámánì kó lọ. Àwọn tó ṣàìgbọ́ràn tí wọ́n sá wọ igbó ló ń jẹ èso òmìnira.

Mo gbà fún ẹni yín lójú kan ṣá. Ọ́fíìsì tó pọ̀ lè fi nǹkan falẹ̀ débi tí èèyàn á fi jìyà. Láàárín 1940 sí 1941 àwọn ará ilé àwọn tí Jámánì mú ń pariwo ní Ìlú Ọba pé páálí oúnjẹ ò dé ọ̀dọ̀ ọmọ àwọn, nígbà tí wọ́n béèrè, War Office ń nàka sí Red Cross, Red Cross ń nàka sí àwọn tó ń kó lẹ́tà. Ìyẹn ò dáa, ó dẹ̀ yẹ kí ẹnìkan wà tí wọ́n lè dì mú lọ́rùn fún irú ẹ̀. Ẹni tó ń fi páálí ránṣẹ́, kó jẹ́ ẹnìkan, mo gbà. Ẹni tó ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n mú kó sì sọ fún ìyàwó wọn nílé, kó jẹ́ ọ́fíìsì kan, kó má di pé obìnrin olómọ ń rìn láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Àmọ́ ẹni tó máa pàṣẹ pé kí wọ́n de èèyàn, kí wọ́n má fún un lóúnjẹ, kí wọ́n fi gbẹ̀san, ìyẹn ò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo láé, pàápàá jù lọ tí ẹni náà ò bá sí níbi tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà wà.

Nítorí náà, tí ẹni yín bá máa fèsì, ìbéèrè mi fún un ò pọ̀. Nínú War Office, Foreign Office, Dominions Office, Red Cross àti ìjọba Switzerland, èwo gan-an ni kí wọ́n tì pa ní 8 oṣù Kẹwàá 1942? Tó bá dẹ̀ ti tì í pa tán, ta ló máa tẹ wáyà sí Ottawa?

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Oshawa, Ontario